Ọ̀pó Èéfín Alága Thorneycroft

Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ dé ibi tó ń lọ ní àdúgbò wa, kó kí Clement Thorneycroft, kó sì yin ilé ẹ̀. Títí ilẹ̀ á fi ṣú ni yóò máa nàka: fèrèsé tó yọ ikùn síta, gíláàsì aláràbarà lókè ilẹ̀kùn, bíríkì pupa àti bíríkì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n tò lọ́nà-lọ́nà bí ẹní.

"Ayé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n kọ́ ọ! Ojúlówó ni látòkè délẹ̀!"

Iwájú nìkan ló máa ń fi hàn èèyàn o. Bíríkì jákujàku ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn, bí ẹni lọ iwájú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Gbogbo ilé Òpópó Alma nílùú Leek nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló rí bẹ́ẹ̀, tèmi náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni Clement Bàbá Bíríkì, Ọkọ Fèrèsé, Alága ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́.

Ipò alága yìí ló fi ń ni Mísísì Hilda Bagshaw lára, opó tí ilé ẹ̀ fara ti tiẹ̀. Ìjì ti wó ọ̀pó èéfín orí òrùlé màmá náà, ọ̀pó bíríkì tí èéfín ààrò ń gbà jáde. Kò pẹ́ ni Alága wọlé tọ̀ ọ́, kò tilẹ̀ jókòó.

"Mísísì Bagshaw, òrùlé yín ti párí. Ojúlówó bíríkì lẹ máa fi tún ọ̀pó yẹn kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ á fẹjọ́ yín sun ìjọba."

"Clement, agbára mi ò gbé e."

"Ẹ yáa ta ilé fún ẹni tágbára ẹ̀ gbé e." Ó ń sọ ọ́, ó ń fẹsẹ̀ wọn pálọ̀ màmá.

"Ta wá lẹni náà?"

"Dùùrù mi á bá igun yìí mu gan-an."

Nígbà tí mo gbọ́, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ibo ló fẹ́ kí arúgbó yẹn gbà lọ?

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín: ọ̀pó èéfín Alága fúnra ẹ̀, ike ni. Ike fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n kùn bíi bíríkì! Kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan bá a gbé e gòkè, kí wọ́n má baà lọ rojọ́ níta. Òun fúnra ẹ̀ ló gun òrùlé, ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Sátidé tí ẹgbẹ́ fẹ́ dìbò lórí ọ̀rọ̀ màmá, Alága kó gbogbo wa jọ síwájú ilé ẹ̀ kó lè fi hàn wá bí ilé ṣe ń rí. Tíì àti kéèkì wà lórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ burúkú-burúkú.

"Ẹ wo ọ̀pó yẹn!" ni Alága ń wí. "Tó bá já lu ẹṣin, ẹṣin á kú!"

Ẹnu ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí afẹ́fẹ́ fi ṣí ọ̀pó náà bí ẹni ṣí fìlà. Ó yí gbirigbiri lórí òrùlé, ó já lé Alága lórí. Alága ṣubú lulẹ̀.

"Yéè! Ó ti kú! Ẹ pe áńbúláǹsì!"

Alága la ojú kan. Mo rí i. Kò fara pa rárá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tóun bá dìde pẹ́nrẹ́n, ọ̀pó òun di yẹ̀yẹ́. Ló bá tún dijú, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

"Bíríkì... ayé Victoria... ó ti fọ́ mi léegun..."

Mísísì Bagshaw sáré síwájú. "Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò lára ẹ̀!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ẹni tó ń kú ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ó wúwo! Ẹ̀yìn á dùn yín, màmá!"

Màmá fọwọ́ kan gbé e. Ife tíì wà lọ́wọ́ kejì, kò sì dà.

Priscilla Tunnicliffe, akọ̀wé ẹgbẹ́, fi ìka gbá ọ̀pó náà. "Ike nìyí!" Ẹ̀rín bú. Ó ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí màmá fi bíríkì kọ́ tiẹ̀ nawọ́ sókè. A ò rí ọwọ́ kankan. Alága tó na gbalaja lórí táìlì ti fi méjèèjì bojú.

Mísísì Bagshaw gbé ọ̀pó èéfín sí ìbàdí bí agbọ̀n aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Clement, ṣé o máa dìde ni, àbí kí n gbé e padà lé ẹ lórí?"