Oògùn Ikọ́ fún Ẹni Tí Kò Wúkọ́

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kò ní gbàgbé láé: ọjọ́ ìkórè ìjọ wa ní Lakowe, nígbà tí mo ké Halelúyà níwájú gbogbo ènìyàn fún ìdí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi èmi àti Ọlọ́run. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi fẹjọ́ ara mi sùn. Èmi ni obìnrin tí ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, tí ń fi gègé na àwọn tó ń fi ìtìjú bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti kọ ọ́ léraléra pé obìnrin tí kò mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá! Ẹ wá wo ẹni tó sọ ọ́.

Àfẹ́sọ́nà mi ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone. A ti fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ kò ní wáyé kí n tó gba oyè kejì ní yunifásítì, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń lé àyè náà kí wọ́n tó fún mi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, rọ́bà ìdáàbòbò já mọ́ wa lára. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni, kò lè di oyún." Mo fi ìbínú dá a lóhùn pé, "Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ló di ìwọ." Mo mọ̀ pé oògùn pàjáwìrì wà tí obìnrin lè lò kí oyún má baà wáyé, mo sì mọ̀ pé kì í fẹ́ ìdádúró. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ilé kẹ́míìsì Alhaji kan lọ ní Awoyaya. Ta ni mo bá nídìí káńtà? Ìyá Akọrin, olórí ẹgbẹ́ akọrin wa.

"Àǹtí, kí ni kí n fún yín?" Alhaji bèèrè.

Gbogbo gírámà tí mo ní sá lọ. "Oògùn ikọ́, sà."

"Ikọ́ gbígbẹ ni àbí oní-kẹ̀lẹ̀bẹ̀?"

"Èyíkéyìí."

"Èyíkéyìí kẹ̀? Ẹ wú u kí n gbọ́."

Mo wú u. Ìyá Akọrin ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohùn yẹn la fẹ́ lò níkòórè o." Òun náà ra oògùn orí fífọ́, ó sì jáde kíá. Mo ṣì lè sọ òtítọ́ fún Alhaji, ṣùgbọ́n báwo ni ikọ́ ṣe fẹ́ ṣàdédé di nǹkan mìíràn? Mo sanwó ìgò oògùn ikọ́ kan, mo jáde.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn pọ̀ lójú títì náà bí iyanrìn, n kò sì wọ ìkankan. Ilé ni mo lọ, mo jókòó, mo ṣírò ọjọ́ tí wọ́n ní kò léwu, mo sì dá ara mi láre. Nígbà tí ìṣirò náà kò jẹ́ kí n sùn, mo lọ ra páálí ìdánwò oyún ní Ajah, mo bo imú àti ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ó ní kò sí oyún. Mo bá a jiyàn. Mo ra òmíràn, òun náà ní kò sí. Àṣé mo ti kánjú jù, kò tíì tó àkókò tí ó lè rí ohunkóhun. Wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gbàgàdà. Èmi tí ń bá àwọn tí kì í kàwé jà ni kò kà á.

Ọjọ́ nǹkan oṣù mi dé, ó kọjá. Ibí ni ìjọ ti wọ ọ̀rọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé ìsìn títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá òfin yìí rò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òní. Obìnrin tí kò bá wá, gbogbo ìjọ mọ ìdí rẹ̀. Èyí tó bá sì ń wá láìdáwọ́ dúró, ikùn rẹ̀ ni wọn yóò máa wò. Ní Ìsinmi kan, Ìyá Akọrin di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O kú ìtara o. Oṣù yìí, o ò mà pa ìjọ jẹ rárá!"

Ikùn mi ló ń wò. Ní Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dùbúlẹ̀ sílé, mo ránṣẹ́ pé mo wà ní ọjọ́ mi. Báyìí ni ọ̀mọ̀wé ṣe fi ẹ̀jẹ̀ tí kò sí purọ́ fún Ọlọ́run.

Ìkórè ló kàn. Mo ń gbé orin ọpẹ́ lọ sókè nígbà tí inú rírun kan dì mí mú nísàlẹ̀ ikùn. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí àlejò tí mo tún ń retí tó o. Arábìnrin tó wà lẹ́yìn mi tọ́ mi, ó ní, "Sister, sùtánà yín! Ẹ̀yìn yín!" Ẹni tí orí rẹ̀ pé yóò bojú. Èmi ké "Halelúyà!" Ìjọ dáhùn. Àwọn onífèrè gbé e. Wòlíì pariwo pé, "Ẹ̀mí ti bà lé e! Ẹ má dí i lọ́wọ́ o!" Mo kọ ẹ̀yìn sí ògiri, mo ń jó bí akàn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ìyá kan sì ń fi tọkàntọkàn jó tẹ̀ lé mi.

Ìyá Akọrin bá mi nídìí igi àgbọn, ó fi ìró kan dì mí nídìí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo ránṣẹ́ pé o wà ní ọjọ́ ẹ? Ẹ̀ẹ̀mejì ni tìẹ lóṣù ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù oyún ló ń bà mí. Ọjọ́ tá a pàdé ní kẹ́míìsì yẹn, kì í ṣe ikọ́ ló gbé mi lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rọra jókòó sílẹ̀. "Ti pé ẹ ò tíì ṣègbéyàwó, a máa sọ ìyẹn lọ́jọ́ míì. Ṣé èmi náà, o rò pé orí ló ń fọ́ mi? Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mi ló tán. Bí mo ṣe rí ẹ báyìí, mo bá sọ pé orí fífọ́! Bàbá àwọn ọmọ ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ 'ẹ ní sùúrù.' Àbíkẹ́yìn mi ti wọ sẹ́kọ́ńdírì o." Ẹ̀rín rẹ̀ já lójijì. "Tèmi ò sì tíì dé."

Inú bí mi, kì í ṣe sí i. Obìnrin méjì dúró nídìí káńtà kan, ohun tí yóò gbà wọ́n wà níwájú wọn, wọ́n sì fi ikọ́ àti orí fífọ́ tan ara wọn jẹ.

"Lọ́la, ẹ̀yin àtèmi, ó di ilé ìwòsàn."

"Wọ́n á rí wa o."

"Kí wọ́n rí wa, mà."

A lọ. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò: kò sí oyún. Àìsùn àti ìpayà tó láti dá nǹkan oṣù dúró, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì sì wo ara wa. Ó ní oògùn pàjáwìrì kì í ṣiṣẹ́ kọjá ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbálòpọ̀, bí a bá sì ṣe tètè lò ó tó ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ó ní ọjọ́ tí mo ṣírò kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, torí àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara fún ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ tí ẹyin ń jáde sì lè yẹ̀. Ó ní ìgbà tí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ ni kí a ṣe ìdánwò, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bí ó bá ṣì ń kọni lóminú. Olúkúlùkù wa yan ìlànà ìfètò tó bá a lára mu.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo wọ ilé kẹ́míìsì Alhaji, ó kún fún ènìyàn. Mo gbé ohùn ìkórè sókè: "Alhaji, rọ́bà ìdáàbòbò ni mo fẹ́ rà, pẹ̀lú oògùn pàjáwìrì kan tí màá tọ́jú sílé!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí mi. "Mo ti gbọ́, Àǹtí, ẹ rọra," Alhaji wí. "Ikọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ," Ìyá Akọrin dáhùn lẹ́yìn mi. "Ó sì bá orí fífọ́ tèmi lọ."

Ìgò oògùn ikọ́ náà ṣì wà lójú fèrèsé mi, n kò ṣí i. Nígbàkígbà tí ìtìjú bá fẹ́ dì mí lẹ́nu, mo máa ń rántí rẹ̀, mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń dárúkọ ohun tí mo wá rà.