Ọ̀tá Tí Kò Rí Ìgbẹ́ Yà

Ẹni tí inú rẹ̀ ti le bí òkúta fún ọjọ́ mẹ́fà kò yẹ kó tún máa bá akọ̀wé fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá wo Ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó ń ta àwo ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1988, ó jókòó níwájú Mìkáílù, akọ̀wé ilé ìwòsàn, ìdajì ìdí ló sì fi kan àga. Agogo mọ́kànlá ti lù. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà ń wá, agogo méjìlá ló ń padà sí Ọ̀yọ́. Kò ráyè wojú ènìyàn, káàdì ló ń wò, káàdì tí kò bá sì ní nọ́ńbà àìsàn lórí, kò ní fọwọ́ kàn án. Mìkáílù ló ń kọ nọ́ńbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ ọ, ó sì ti mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ lọ.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, ọmọ mi. Ara mi le, mo dúpẹ́."

Mìkáílù ṣí ìwé ńlá tí wọ́n to nọ́ńbà àìsàn sí. "Ẹni tí ara rẹ̀ le ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ lọ tò sẹ́yìn àwọn dírẹ́bà tó ń gba ìwé ẹ̀rí ìlera."

"Ta ló fẹ́ wakọ̀? Dókítà ni mo fẹ́ rí. Wọn ò rí ìgbẹ́ yà láti Ọjọ́ Ẹtì."

"Àwọn wo?"

Ìyá wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mìkáílù, wòlíì wa ti kìlọ̀ fún wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn ní tirẹ̀. Ohun tí o bá pè ní tìrẹ ló ń bá ọ délé. Èmi ti kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù."

"Ìwé tèmi náà kìlọ̀. N kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà tí kò ní ẹni tó ni ín. Ta ló ni àìsàn yìí?"

Inú Ìyá kùn bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Ó wo aago ara ògiri, ó rí i pé agogo méjìlá ti ń sún mọ́lé.

"Ọ̀tá ló ni ín," ló wí.

Ara tu Mìkáílù. Ó fa káàdì tuntun yọ. "Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Orúkọ, Ọ̀tá. Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ó ti wà kí wọ́n tó bí Ádámù."

"Àyè nọ́ńbà mẹ́ta ló wà. Mo kọ ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín kan. Ilé rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò nílé. Ó ń rìn káàkiri ayé ni."

"Iṣẹ́?"

"Ó ń jalè, ó ń pani, ó sì ń parun."

"Iṣẹ́ kan ni káàdì gbà, Ìyá. Èwo ló ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù?"

"Olè."

"Ìbátan tó sún mọ́ ọn jù?"

"Sàtánì."

Mìkáílù dá bírò dúró. "A mọ̀ ọ́n ní mọ́ṣáláṣí tiwa náà. Ṣé ó ní àpótí lẹ́tà?"

"Kò ní."

"Ó ku ti ikùn. Ìgbà wo ni ọ̀tá yín yàgbẹ́ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn àwẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ló yà á sí."

"Ọ̀tá yín wá sí ìsìn?"

"Kì í pa á jẹ."

"Kí ló fi ṣínu?"

Ojú ti Ìyá. "Gúáfà. Kóńgò kan."

"Kóńgò kan, tòun ti kóró inú rẹ̀?"

"Ó dùn ni, ọmọ mi." Ó tètè rántí ara rẹ̀. "Wọ́n ní ó dùn."

Mìkáílù fi ìka tọ ojú ìwé lọ títí, ó sì kọ 564.0 gàdàgbà, ó fa ìlà sí i nídìí. "Àìríyàgbẹ́ nìyẹn." Ó gbé káàdì wọlé tọ dókítà. Nígbà tó jáde, ìgò oògùn ìyàgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá na ọwọ́. Mìkáílù fa ìgò sẹ́yìn.

"Ọ̀tá ni dókítà kọ ọ́ fún. Òfin ò gbà kí n gbé oògùn aláìsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ le."

Níta, wọ́n ti ṣáná sí mọ́tò dókítà. Omi lé ròrò sójú Ìyá. Bó bá ní tòun ni, ó ti gba àìsàn mọ́ra. Bó bá dákẹ́, ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ikùn yìí ò sì lè dúró dìgbà náà.

"Mìkáílù," ló wí jẹ́jẹ́, "Bíbélì ní bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ̀tá ẹni, ká fún un lómi mu. Gbé e wá, n ó fún un mu."

"Ibo lẹ ti máa rí i?"

"Ibi tó sá pamọ́ sí, ẹnu mi nìkan lọ̀nà ibẹ̀."

Mìkáílù rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò rí ibi tí ìwé ti kọ̀ ọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa ló gba oògùn fún Ọ̀tá, Ìyá tẹ̀ka sí i, ó sì da oògùn náà mu tán pátá.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ìyá fi dìde fùú, ó ká ìró sókè, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, ẹ dúró, mo fẹ́ kọ bí ara aláìsàn ṣe rí."

Ìyá ò dúró. Láti ẹ̀yìnkùlé ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà kan ló gbà wọlé, ọ̀nà méje ló ń gbà jáde."