Lẹ́tà Tó Ní Kí Bàbá Òjélàdé Sáré

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e, ta ni nínú yín tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sáré nínú ẹ̀gún náà? Mo ti mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ mi, òun ni yóò parí ìtàn náà fún wa.

Bàbá Òjélàdé ló ni oko obì tó wà lẹ́yìn abúlé Òkè-Ata. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló gbìn ín, òun náà ló sì fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Àfi bí Láníhùn, káńsẹ́lọ̀ wọn, ṣe kéde pé ọ̀nà tuntun ń bọ̀, àárín oko obì yẹn gan-an ni yóò sì gbà, kó lè já sí ẹnu ilé ọtí tí Láníhùn ń kọ́ lọ́wọ́. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun Bàbá Òjélàdé mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Àkànmú, ọmọ rẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, pé kó gba òun.

Àkànmú fèsì kíákíá, ṣùgbọ́n ìwé ti pọ̀ lágbárí rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ lẹ́tà sí bàbá tí kò mọ A yàtọ̀ sí àdá. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbọ́ gẹ̀ẹ́sì lábúlé, ìyẹn Fátókí, tó ti fi ọdún mọ́kànlá pín lẹ́tà kiri. Ó ní ẹni tó ti fi èjìká ru lẹ́tà tó bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí kò lè kà.

Fátókí na lẹ́tà síta, ó wúkọ́, ó ní rọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀. "Rọ́ọ̀nù ò ní ìtumọ̀ méjì, Bàbá. Ẹ sáré ni. Ọmọ yín ní kí ẹ sáré kọ lu Láníhùn."

"Kí n sáré kọ lù ú? Èmi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin?"

"Ó ní bí ẹ bá sáré dáadáa, ẹ máa wọlé."

"Ilé ta ni?"

Fátókí tún lẹ́tà náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní Àkànmú ò dárúkọ onílé.

Bàbá Òjélàdé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré sísá láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun wo orí ọkọ òun, ọkọ ní kó lọ bi ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, Láníhùn mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan wá láti ìlú, pé kó wá ri èèkàn mọ́ oko obì. Bàbá rí èèkàn lọ́wọ́ àlejò. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó torí bọlẹ̀, ó sáré kọjú sí Láníhùn.

Ṣé Láníhùn á dúró bèèrè ni? Ẹ̀yin ẹ̀ ẹ́ dúró? Ó yà bàrá sínú igbó ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, Bàbá tẹ̀ lé e. Ẹ̀gún gba fìlà Láníhùn, ó gba agbádá, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lọ́rùn káńsẹ́lọ̀. Bàbá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo, "Kí n ṣáà wọlé! Kí n ṣáà wọlé!"

Ìyá Àwẹ̀ró ń ṣẹ́gi nítòsí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bi màmá náà pé kí ló dé.

"Ọmọ mi, ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán," ni ìyá náà wí. "Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e."

Àlejò rò ó. Ó yé e pé bàbá yìí ló ń lé ti iwájú. Kí ló wá ń lé bàbá fúnra rẹ̀, tó fi ń wá ilé tí yóò wọ̀ lójú méjèèjì? Kò dúró gbọ́ èsì. Ó da èèkàn nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, nígbà tó sì dé ìlú, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹranko burúkú ń bẹ lápá ibẹ̀. Òdìkejì odò tó wà lẹ́yìn oko náà ni wọ́n gbé ọ̀nà gbà.

Nígbà tí Àkànmú dé, abẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ̀ fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀. Àkànmú káwọ́ lérí. Ó ní kí bàbá du ipò káńsẹ́lọ̀ mọ́ Láníhùn lọ́wọ́ lòun wí. Ó ní rọ́ọ̀nù lẹni tó ń du ipò ń ṣe, rọ́ọ̀nù lomi tó ń ṣàn ń ṣe, ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù náà ń rọ́ọ̀nù rẹ̀, kódà bí ọ̀fìnkìn bá mú èèyàn, imú rẹ̀ ń rọ́ọ̀nù. Fátókí ní ẹ̀bi òun kọ́, kí wọ́n lọ bá àwọn tí imú wọn ń sáré wí.

Bàbá Òjélàdé ò bá wọn jiyàn. Ó na ẹsẹ̀ sí abẹ́ igi obì rẹ̀, ó ní òun ti wọlé.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń sáré nínú ẹ̀gún, ẹ má fi ṣẹ̀sín, kì í ṣe lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan níwájú, tí ẹ ò rí nǹkan kan lẹ́yìn, ẹ bi í léèrè ẹni tó bá a ka lẹ́tà.