Ẹjọ́ Ìwé Ìṣirò tí Ghafoor Fi Rọ́bà Nù

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ sí ààfin wa ní Chak Mehrab lánàá, nígbà tí mo fá irùngbọ̀n olórí abúlé wa dé ìdajì. Bí Chaudhry Inayat ṣe gbọ́ ẹjọ́ náà nìyẹn o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń dán, ọṣẹ wà lára ìkejì. Èmi onígbàjámọ̀ dúró tì í tabẹ-tabẹ, torí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ tó bọ́ mọ́ mi létí.

Ìyá Nida ló pe ẹjọ́, ìyàwó ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó gbé ìwé kan síwájú Chaudhry.

"Chaudhry, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Ghafoor. Ó ti ba ayé mi jẹ́."

"Kí ló ṣe?"

"Ó nu ìwé mi mọ́."

Hájì Manzoor, àgbà tó máa ń bá Chaudhry dá ẹjọ́, yọ páìpù tábà lẹ́nu. "Ó nù ún mọ́? Ṣé ẹjọ́ nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ n rò ó dé ìdí, Hájì. Ìdánwò kíláàsì kẹwàá ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ìṣirò ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Iléèwé àwọn ọmọbìnrin ní àwọn á gbà mí síṣẹ́ bí mo bá yege lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ mi sì ti búra pé tí mo bá tún kùnà, òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé nínú ilé òun mọ́. Ni mo bá rí ìpolówó kan lórí fóònù." Ó nawọ́ fóònù, ó kà á sókè. "'Àlòkù ìwé ìṣirò. Ti Areeba ni, ọmọ tó gba ipò kìíní ní gbogbo àgbègbè. Gbogbo àmì pẹ́ńsù ṣì wà nínú rẹ̀.' Ìwé tuntun wà lójà o, Chaudhry. Mo fi í sílẹ̀, mo ra àlòkù nítorí àmì yẹn. Nígbà tí mo ṣí i, funfun báláú."

Lọ́dọ̀ wa níbí, ta ni ò mọ̀ pé àlòkù ìwé ọmọ tó gbapò kìíní níyì ju tuntun lọ? Mo mọ ìyá kan tó ra bàtà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiẹ̀.

Wọ́n pe Ghafoor, tó máa ń ra ìwé àtijọ́ ní kílò kílò kiri ojúlé.

"Ìwọ lo fi rọ́bà pa àmì inú ìwé yìí rẹ́?" Chaudhry bi í.

"Èmi ni. Ọpẹ́ ni mò ń retí."

"Ọpẹ́ kẹ̀?"

"Ìwé dọ̀tí, mo wẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà ló fẹ́ rà á, ṣé kí n wá kó ìdọ̀tí ọmọdé fún un? Mo sọ àlòkù di tuntun, n ò sì fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀."

"Ọpọlọ Areeba lò ń pè ní ìdọ̀tí?" ni Ìyá Nida wí.

"Ẹ má bínú, ọpọlọ tiyín náà pé."

"Ó pé, mo sì kùnà lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Hájì ní: "Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn nawọ́ ìwé síra yín?"

"N ò mọ̀ pé òun ni, Hájì. 'Ọba Ìwé' ló pe ara rẹ̀ lórí fóònù."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni Ghafoor wí. "'Òdòdó Àárọ̀' ló pe ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi náàjà."

Ìwé tí Ghafoor fi ránṣẹ́ náà wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, ó sùn síbẹ̀, ó tún wọkọ̀ padà wá sí ojúlé kejì. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ abẹ wà lọ́wọ́ mi.

Nasreen, ìyàwó Ghafoor, jáde wá jẹ́rìí.

"Rọ́bà mélòó ni ọkọ rẹ lò?" Chaudhry bi í.

"Ẹyọ kan ni," Ghafoor yára dáhùn. "Mo kàn nù ún fẹ́ẹ́ ni."

"Ẹyọ kan bàwo? Mẹ́rin ni. Nígbà tí rọ́bà tán, búrẹ́dì àwọn ọmọ ló fi ń nù ún."

"Nasreen, ìyàwó ta ni ẹ́ gan-an?"

"Wọ́n ní kí n sọ òótọ́."

"Chaudhry, gbogbo ìwé tí mo bá ń tà ni mo máa ń nù."

"Irọ́ ni. Èyí tí epo àkàrà pakora dà sí lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? O kọ ọ́ sí ìpolówó pé 'ìwé olóòórùn dídùn.' Dígí ojú ẹ gan-an, èmi ni mò ń bá ẹ nù ún."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ ìwé yìí nìkan lo nù?" Chaudhry bi í.

Ghafoor wo Chaudhry, ó wolẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí mọ síbí. Màá ra tuntun fún un."

"Tuntun kọ́ ni mo fẹ́," ni Ìyá Nida wí.

Inú bí Chaudhry. "Ghafoor, ohun tí mo máa ń sọ náà ni. Ẹni tó bá ta kókó, kó wá tú u."

Chaudhry kì í dá ẹjọ́ kan kó má sọ gbólóhùn yìí. Ewúrẹ́ tó bá jẹ oko olóko ní abúlé yìí, ó ti gbọ́ ọ rí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Areeba. Ọmọ náà dé tòun ti báàgì iléèwé lọ́rùn.

"Ìwọ lo ṣe àmì tó wà nínú ìwé yìí?"

"Rárá o, Bàbá. Ọwọ́ bọ̀dá Ghafoor lèmi náà ti ra àlòkù ẹ̀. Bí mo ṣe bá àwọn àmì yẹn níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo ṣèdánwò tán ni mo tà á padà fún wọn."

Ìyá Nida rọra jókòó sílẹ̀. "Àmì ta ni mo wá ń sunkún lé lórí?"

"N ò mọ ẹni náà, mà. Gbogbo ìdáhùn ẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ibi tó bá ti ro nọ́ńbà pọ̀, mo máa ń yọ ọ́ kúrò. Ibi tó bá ti kọ ọ́ pé 'èyí ò le,' mo máa ń mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Nínú gbogbo olùkọ́ mi, òun ló ràn mí lọ́wọ́ jù."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Chaudhry nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Àánú ẹ̀ ṣe mí ní ojú ewé ogójì," ni Areeba wí. "Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò kan pé, 'Ẹni tó bá ta kókó, kó wá tú u.'"

Gbogbo ojú yí sí Chaudhry. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ghafoor dọ̀bálẹ̀. "Chaudhry, ẹ forí jì mí. Àárín ìwé ìròyìn tí ẹ tà fún mi ní kílò ni ìwé náà wà. Ẹni tó ń rà á ti sanwó tán kí n tó dá ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ̀. Mo ní kí ojú má tì yín."

Bẹ́ẹ̀, Chaudhry ti sọ fún wa láìmọye ìgbà pé òun yege ìdánwò yẹn láti kékeré. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní ìlú ńlá, ó ní òun lọ tọ́jú orúnkún. Àṣé ìdánwò ni orúnkún náà lọ ṣe.

Bó bá sẹ́ ni, ta ló máa jà á níyàn? Ó ti la ẹnu ẹ̀ pàápàá, kó tó rí Ìyá Nida tó ń fi ìbòrí nu ojú. Ó gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ mi, ó nu ọṣẹ kúrò.

"Èmi ni," ó ní. "Mo kùnà. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ o."

Ó wá dá ẹjọ́.

"Areeba, láti ọ̀la, ààfin yìí di kíláàsì títí di ọjọ́ ìdánwò. Ìwọ ni olùkọ́. Ghafoor, o parọ́ lórí fóònù, o tún parọ́ níwájú mi. Ìwọ ni wàá máa se tíì, wàá sì máa fi pẹ́ńsù ṣe gbogbo ìṣirò inú ìwé yẹn títí yóò fi dọ̀tí padà."

"Chaudhry, ẹ kúkú jù mí sẹ́wọ̀n."

"Kò sí ìṣirò lẹ́wọ̀n. Ìyẹn á ti rọ̀ ẹ́ lọ́rùn jù."

"Ẹni tó kọ́kọ́ ta kókó ńkọ́?" ni Ìyá Nida béèrè.

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun náà á jókòó sí, á sì bá yín ṣe ìdánwò náà. Bí ẹ bá yege tí mo kùnà, ẹ̀yin ni ẹ ó máa jókòó sórí àga yìí dájọ́ títí èmi náà á fi yege."

"Bí ẹ̀yin méjèèjì bá kùnà ńkọ́?" ni Hájì wí.

"Hájì, ẹ lọ wá pẹ́ńsù tiyín."

Láàárọ̀ yìí, mo padà lọ fá ìdajì tó kù. Areeba ló jókòó sórí àga, Chaudhry àti Ìyá Nida wà nílẹ̀, Ghafoor ń gbé tíì bọ̀, ó ń ka ìka. Areeba fún wọn ní ìṣirò ojú ewé ogójì. Ìyá Nida yọjú wo ìwé Chaudhry, ó rí i pé ìyẹn ń ro nọ́ńbà pọ̀. Òun mú pẹ́ńsù tirẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò.

Areeba ní ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà.