Ààlè Mísbáù Wọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí! Ẹ mọ ilé ńlá tí agbaṣẹ́ṣe kan tí wọ́n ń pè ní Alága kọ́ sí Ìsọlọ̀, tòun ti ọgbà rẹ̀, tó sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún tí ọkọ̀ síméńtì dí èbúté Èkó pa? Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ń lọ níbẹ̀. Babáṣọlá, tó ń mú àlejò yíká, nìkan ló dá dúró nínú gbọ̀ngàn, ó ń wo aago. Mísbáù, olùtọ́jú ọgbà, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

BABÁṢỌLÁ: Mísbáù! Wọlé, kí n lè sọ pé mo rí èèyàn kan lónìí.

MÍSBÁÙ: Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ìta ibí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ààlè mi ni mo wá gbà.

BABÁṢỌLÁ: Ààlè wo?

MÍSBÁÙ: Èyí tẹ́ ẹ gbé ka orí pèpéle funfun yẹn. Ara igi àgbálùmọ̀ inú ọgbà ni mo so ó mọ́. Ṣùkù àgbàdo mi nìyẹn, àkísà mi nìyẹn, àjákù bàtà mi rèé.

BABÁṢỌLÁ (ó ń rẹ́rìn-ín): O ò mọ nǹkan kan! Lára igi ló ti jẹ́ ààlè. Látìgbà tó ti gun pèpéle, iṣẹ́ ọnà ni.

MÍSBÁÙ: Ta ló sọ fún un?

BABÁṢỌLÁ: Fún ta?

MÍSBÁÙ: Fún ààlè náà. Ṣé ó gbọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ iṣẹ́ fóun?

BABÁṢỌLÁ: Wò ó, ẹni tó yẹ kó gbé ère wá sórí pèpéle yìí ò yọjú. Ṣé òfìfo ni kí n fi han Alága? Ó ń bọ̀ láago mẹ́rin. Ó ní bóun ò bá bá èrò nínú gbọ̀ngàn yìí, síméńtì lòun máa kó kún un. Síméńtì, Mísbáù! Pẹ̀lú gbogbo ìwé ìròyìn òyìnbó tí mo kà lórí iṣẹ́ ọnà, kí n wá di ọlọ́dẹ síméńtì!

MÍSBÁÙ: Èrò mà kún inú ọgbà.

BABÁṢỌLÁ: Mo rí wọn! Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wo iṣẹ́ yìí, ẹwà ẹ̀ á dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n á fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n á padà.

MÍSBÁÙ: Ẹwà kẹ̀? Ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kọjá ààlè?

BABÁṢỌLÁ: Ojú wọn ò là ni. Ó yá, ìwọ wọlé, kí wọ́n rí i pé kò sí ewu.

(Mísbáù gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó wo ṣùkù àgbàdo. Ó gbé ẹsẹ̀ padà.)

MÍSBÁÙ: Kò ṣeé ṣe.

BABÁṢỌLÁ: Ṣebí ìwọ lo so ó!

MÍSBÁÙ: Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kí ikùn ẹ̀ wú bíi táyà tírélà.

(Babáṣọlá rọra wo ikùn ara ẹ̀.)

BABÁṢỌLÁ: O... o yọ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, àbí?

MÍSBÁÙ: Mi ò yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, Títí ìyàwó mi lóyún, àgbálùmọ̀ nìkan lẹnu ẹ̀ gbà, àwọn èrò inú ọgbà sì ti wà lórí igi báyìí, wọ́n ń ká a! Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ìta ni màá sùn.

BABÁṢỌLÁ (ó ń tẹ ikùn): Ó jọ pé ibí yìí ti ń le. Gbé e lọ!

MÍSBÁÙ: Ọwọ́ tó gbé e wọlé ni kó gbé e jáde.

(Babáṣọlá fi ìka méjì mú ààlè, ó sáré so ó padà mọ́ igi. Àwọn tó wà lórí igi já lulẹ̀ bí èso tó pọ́n, àwọn tó wà nísàlẹ̀ tu kóró dànù. Oòrùn ń mú, kò síbòmíì tó ní òjìji: gbogbo wọn rọ́ wọ gbọ̀ngàn. Fèrè mọ́tò dún lẹ́nu géètì.)

BABÁṢỌLÁ: Alága dé! Yéè, pèpéle ṣófo! Mísbáù, gorí ẹ̀!

MÍSBÁÙ: Èmi?

BABÁṢỌLÁ: Gbé ọkọ́ lé èjìká. La ẹnu díẹ̀. Má ṣẹ́jú!

MÍSBÁÙ: Bí eṣinṣin bá wọ ẹnu mi ńkọ́?

BABÁṢỌLÁ: Iṣẹ́ ọnà kì í ráhùn!

(Alága wọlé, ó rí èrò, ó rẹ́rìn-ín. Ó yí Mísbáù po, ó fọwọ́ kan orúnkún ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sétí Babáṣọlá, ó padà sídìí mọ́tò.)

BABÁṢỌLÁ (ó ń fò sókè): Síméńtì ti gba ibòmíì lọ! Ó ní nínú gbogbo ère tó wà níbí, ìwọ lo jọ èèyàn jù!

MÍSBÁÙ: Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?

BABÁṢỌLÁ: Hùn-ún... Dírẹ́bà ń mú okùn bọ̀.

MÍSBÁÙ: Okùn kí ni?

BABÁṢỌLÁ: Ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi dì. Alága fẹ́ gbé ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ ẹ̀ ní Ire-Àkárí.

MÍSBÁÙ: Ẹ̀gbọ́n! Ẹ sáré lọ já ààlè yẹn wá, ẹ so ó mọ́ mi lọ́rùn!

BABÁṢỌLÁ: Àgbálùmọ̀ Títí ńkọ́?

MÍSBÁÙ: Kó máa jẹ ọsàn!

Bẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni, ìpàtẹ ọ̀hún ò tíì parí. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Òṣòdì, ẹ gba Apákun, ẹ lọ fojú ara yín rí Mísbáù lórí pèpéle, tòun ti ààlè lọ́rùn ẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ yí i po, ẹ rẹ́rìn-ín bó ṣe wù yín. Ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má fi kàn án.