Ìkéde Lórí Àmì Tí Ó Pa Ìyáàfin Àyọ̀ká

Èmi, Oyètòrò, akéde ààfin Òkè-Ìgbín, ni mo dúró ní àárín ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí. Kábíyèsí ni ó rán mi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún iṣẹ́ tí a rán mi. N kò sì ní yọ àmì kan kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìgbín, ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin alágbàdo, ẹ dá ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró! Ẹni tí oúnjẹ bá wà ní ẹnu rẹ̀, kí ó gbé e mì!

Ọ̀rọ̀ Gbọ́lágadé Àlàdé ni, ẹni tí ó ń ṣe fíìmù, àti Àyọ̀ká, aya rẹ̀. Fíìmù ẹ̀rù ni Gbọ́lágadé ń ṣe lọ́wọ́. Ìwin kan wọ ilé kan, ó sì jẹ gbogbo ará ilé náà tán, àfi ìyàwó. Ìdí nìyí tí ó fi sọ fíìmù náà ní Ìyàwó Mi Ló Kù. Kù! Dò! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyàwó ni ó ṣẹ́ kù. Ó ṣẹ́ kù o!

Inú ilé ara rẹ̀ ni ó ti ń ya fíìmù náà. Àwọn ìwin fi pàúdà Àyọ̀ká kun ojú. Ó fara dà á. Wọ́n gbé agbárí oníke sínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ó fara dà á. Ó wọ yàrá, ó bá ọkùnrin kan lórí ibùsùn rẹ̀, ó sì figbe ta: “Bàbá Mopé, ta nìyí?” Ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé, “Òkú ni. Jọ̀ọ́, má jí i, a kò tíì yà á tán.” Òkú náà sì ní, “Ẹ má bínú, mà.”

Àyọ̀ká di ẹrù, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn. Ó ní, “Bí àwọn ìwin bá ti lọ tán, kí ẹ pè mí.”

Kò pẹ́ tí ó lọ ni àwòrán rẹ̀, tí a fi polówó fíìmù náà, hàn lára gbogbo ògiri ìlú, nínú aṣọ funfun. Ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: ÌYÀWÓ MI LÓ KÚ. Kú! Mí! Ará ìlú, àmì tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀ ni ó gòkè, tí ó sì gbé odindi obìnrin lọ sí ọ̀run!

Ìlú sunkún. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn yan Ìyá Àṣàkẹ́ sí ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kí omijé tó gbẹ lójú wọn. Lẹ́yìn èyí ni Àyọ̀ká sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀, pẹ̀lú àpò búrẹ́dì lọ́wọ́. Alápatà sá, ó fi ẹran sílẹ̀ fún ajá. Ìyá Ràbíù nìkan ni ó láyà láti dúró. Ó kí i pé, “Ẹ kú àbọ̀.” Ó gbọ́ ‘kú’ tí ó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì dákú.

Àyọ̀ká kò yà sí ilé. Ààfin ni ó gbà lọ. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹni kan ni ó pa mí. Ẹ kéde orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ẹni tí ó sunkún mi gbọ́. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá láìsí ìkéde, ilé bàbá mi ni mò ń lọ. N kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ọkọ mọ́ láé.”

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ! Kábíyèsí pàṣẹ o!

Èkínní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri láìfi àmì sí i bí ó ti yẹ. Arúfin yóò dúró ní oríta, yóò máa ké dò, re, mí, títí ohùn rẹ̀ yóò fi há.

Èkejì: Òkú orí ìtàgé kò gbọdọ̀ sùn sórí ibùsùn tọkọtaya. Ìwin tí ó bá fẹ́ lo pàúdà, kí ó ra tirẹ̀. Omi tútù ni a ó fi wẹ arúfin ní gbangba, ní àkókò ọyẹ́. Ní àkókò ọyẹ́ ni mo wí!

Ẹ̀kẹta: Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kí Ìyáàfin Àyọ̀ká pé ‘ẹ kú àbọ̀’ mọ́. Ẹ má sì rò pé ‘ẹ káàbọ̀’ yóò gbà yín là. Kú wà nínú rẹ̀! Ó fara pamọ́ ni! Ó wà nínú ‘ẹ káàárọ̀’, ó wà nínú ‘ẹ káàsán’. Kábíyèsí ti pe gbogbo olùkọ́ èdè jọ, wọn kò sì rí ìkíni kan tí ọkàn ènìyàn lè balẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀, kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó sì máa lọ.

Ẹ̀kẹrin: Ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn, ẹ dá ipò rẹ̀ padà. Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ dìde lórí àga náà. Lónìí!

Ẹ̀karùn-ún: Ẹni tí ó gbé àmì náà gòkè yóò lọ láti ilé dé ilé, yóò sì sunkún padà fún gbogbo ẹni tí ó sunkún lásán. Ẹkún tòótọ́! A kò gba àlùbọ́sà! Fíìmù náà kò sì gbọdọ̀ jáde títí Ìyáàfin Àyọ̀ká yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àmì náà wálẹ̀.

Ta wá ni ẹni náà?

Gbọ́lágadé ní Kásálí atẹ̀wé ni. Kásálí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Kábíyèsí, mo bi wọ́n. Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣé dò ni àbí mí?’ Wọ́n ní, ‘Mí ni. Jẹ́ kí ó gùn dáadáa.’” Gbọ́lágadé ní irọ́ ni.

Kábíyèsí wá bèèrè pé: Ta ni ó to àga ilé ọ̀fọ̀ kọjú sí fèrèsé kí aṣọ̀fọ̀ kankan tó dé? Ta ni ó ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀? Èmi gan-an wà níbẹ̀. Mò ń sunkún kíkorò nígbà tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà sọ fún mi pé, “Bàbá akéde, ẹ tún un sun. Fìlà yín bo omijé.” A rò pé ìbànújẹ́ ni ó dà á lórí rú. Mo tún un sun! Ará ìlú, ìsìnkú wà nínú fíìmù náà, kò sì rí òṣèré tí ó mọ ẹkún sun. Ó mọ̀ pé aya rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n!

Nígbà tí Ìyáàfin Àyọ̀ká gbọ́ ‘ẹ tún un sun’, gbólóhùn kan ni ó sọ: “Àmì lè ṣèèṣì. Èyí kò ṣèèṣì.”

Nítorí náà, kí gbogbo etí gbọ́! Kì í ṣe Kásálí. Kì í ṣe ìwin. Ẹnu ọba ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi kò sì ní kúrò níhìn-ín títí n ó fi sọ ọ́ tán. Gbọ́lágadé ni! Gbọ́lágadé, ọmọ Àlàdé, ọkọ Àyọ̀ká! Ẹ wò ó lẹ́yìn òkìtì iṣu yẹn, ó ń ya ìkéde yìí lọ́wọ́!

Gbọ́lágadé, gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ dúró tì ọ́.