Bí Mo Ṣe Tọrọ Àga Iwájú

Mo ti gbìyànjú títí láti lé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, fèrèsé ló máa ń gbà wọlé. Ó sàn kí n kúkú sọ ọ́ fún yín, kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, kí ara tu èmi náà.

Àfín ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bí àfín ṣe fẹ́ fi ara rẹ̀ pamọ́ ní Kàbà. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókèèrè, gbogbo ayé ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀, wọ́n á sì ti máa retí kí n kí wọn. Èmi ní tèmi, àfi kí ènìyàn sún mọ́ mi dáadáa kí n tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìkíni ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ. Okun la fi ń kí ara wa, Okun náà ni wọ́n ń pè wá. Ẹ wá wo ayé ẹni tí gbogbo ènìyàn ń rí, tí òun ò sì rí ẹnì kankan. Kò pẹ́ tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Agbéraga.

Ìpínlẹ̀ Kogi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Gbogbo nǹkan ló jẹ́ tuntun: ọ̀gá tuntun, pátákó orúkọ tuntun, ìlérí tuntun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò wa nìkan ni kò tuntun. Yíǹkì ti tán nínú rẹ̀ láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, wọ́n sì ní a óò rí òmíràn tí nǹkan bá ti tò ní Lọkọja. Kí nǹkan tó tò, ojú pátákó ni wọ́n ń kọ ìbéèrè sí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pín wa sórí àga, nọ́ńbà tèmi sì gbé mi lọ sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí pátákó ti dà bí aṣọ dúdú tí ẹnì kan da ẹ̀kọ gbígbóná sí.

Nínú ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́, mo ka mẹ́ta sí mẹ́jọ, mo ka ìyọkúrò sí àròpọ̀. Mo ṣe ìṣirò náà dáadáa o, kò lábùkù, àfi pé ìbéèrè tí mo dáhùn, kò sẹ́ni tó bi mí. Olùkọ́ wa fún mi ní òdo, ó sì kọ ọ́ tóbi débi pé èmi náà rí i.

Òfin ilé ẹ̀kọ́ wa sì rọrùn láti lóye. Ẹni tó bá tún kùnà ìṣirò lẹ́ẹ̀kejì, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ògìdì ni ilé tèmi. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ti sọ fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí, pé ọmọ àwọn yóò di olùkọ́, nítorí náà kò sí ibi tí mo lè sá sí ní ìlú náà. Àbúrò bàbá mi kan tilẹ̀ wà tó ti ń sọ ọ́ látìgbà tí mo wà ní kékeré pé kí wọ́n fi mí sẹ́nu òfì, pé ojú mi ò lè gba ìwé, bí ẹni pé ìfọwọ́kàn lásán ni wọ́n fi ń mọ òwú òfì. Ó ń retí mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Ráfátù, ọmọ Kàbà tí a jọ ń gbé yàrá kan, ló fún mi nímọ̀ràn. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì, kí n ní kí wọ́n gbé mi síwájú. Ó ní, "Kí lo ń tọrọ? Àga lásán." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo bá lọ.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi dópin, ó wá bi mí pé, "Níbo ni ẹ̀rí wà pé o ò ríran dáadáa?"

Mo wo ara mi, mo wò ó. "Bùọ̀dá, àfín ni mí."

"Èmi rí i," ó ní. "Fáìlì ni kò rí i. Lọ gba ìwé dókítà wá láti Lọkọja."

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ Pijó lọ sí Lọkọja nìyẹn, láti lọ gba ẹ̀rí pé èmi ni èmi. Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì, mò ń gbọ́ bí àwọn tó wà níwájú mi ṣe ń ka lẹ́tà ara káàdì ńlá kan fún dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣà kan sì wà lára mi láti kékeré. Torí pé ojú mi kì í dé pátákó, etí ni mo fi ń gba ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹlòmíràn bá kà sókè, orí mi á gbé e mì. Àṣà yìí ló gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òun náà ló pa mí lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó kàn mí, dókítà ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ń kọ nǹkan. Ó ní, "Kà á." Ẹnu mi ò dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ mi. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, geere, láìsí ìdádúró, títí dé ìlà tó kéré jù, èyí tí bàbá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ làágùn lé lórí.

"Ó ga o!" ni dókítà wí. "Ojú rẹ dára ju tèmi lọ."

Ó yẹ kí n sọ níbẹ̀ pé, "Dókítà, mi ò rí nǹkan kan." Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò tíì sẹ́ni tó yin ojú mi rí. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú mi dára, ó buwọ́ lù ú, ó lọ jẹun. Bí mo ṣe ń jáde, nọ́ọ̀sì kan fà mí lápá. "Ọmọ mi," ó ní, "apá ọ̀tún ni káàdì wà. Kàlẹ́ńdà lo dojú kọ tó o ń kàwé."

Mo padà sí Kàbà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé mo ń ríran bí àṣá. Akọ̀wé kà á, ó ní, "Haba! Ó yẹ ká bá ọ dúpẹ́." Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́, àfi kí n rí Díìnì fúnra rẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn sí ọ o. Ó ní gbogbo ìgbà lo máa ń kọjá lára òun lọ́nà ọjà bí ẹni kọjá lára igi. Ó ní ẹni tí kò lè sọ pé okun fún àgbàlagbà, àga wo ló ń tọrọ?"

Ẹ ò rí nǹkan! Torí pé mi ò ríran ni mi ò ṣe kí i, torí pé mi ò kí i ni kò ṣe fẹ́ gbọ́ pé mi ò ríran. Nígbà tí mo sọ fún Ráfátù, ó fi ọwọ́ lu orókún. "Tò, ó rọrùn," ó ní. "Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá dúró, kí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí. Mo kúnlẹ̀ fún mèígádì, ó ṣàdúrà ọkọ rere fún mi. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọdún kìíní, ó ta kété, ó ní ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe yín? Orókún mi kún fún eruku títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi ti mọ́ ọn, mo wá ní mo ti tó lọ bá Díìnì.

Mo kan ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ nǹkan, mo wọlé. Ọ́fíìsì náà ṣókùnkùn díẹ̀. Díìnì jókòó lẹ́yìn tábìlì nínú kóòtù rẹ̀ aláwọ̀ eérú tí gbogbo wa mọ̀. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Okun o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Kò dáhùn. Mo mọ̀ pé ìbínú ni. Mo bá kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wa: mo béèrè ìyá, mo béèrè ọmọ, mo béèrè àwọn ará ilé ní Ìyàrá, ìlú rẹ̀, mo béèrè oko, mo béèrè iṣu tó wà nínú oko. Kò fọhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kì í ṣe ìgbéraga, mo ní ojú ni kò gbé e. Mo ní bí mo bá kùnà lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu òfì ni wọ́n ń mú mi lọ, mi ò sì fẹ́ lọ. Níbẹ̀ ni ẹkún ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Máa bá a lọ," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi. "Kóòtù náà ń gbọ́."

Díìnì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ṣẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti gbé kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga, ó lọ ṣan ojú. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde. Díìnì ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wá dúró níwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo rò pé èmi nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi tí mo ti ń bá ọ bínú látọjọ́ yìí," ó ní. "Dìde, ọmọ mi. A óò gbé ọ síwájú."

Ẹ ò ní gbà pé ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Díìnì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé àga mi síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí jù, torí pé ọmọ náà ò ríran. Inú rere gbáà! Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńlá tí kò ní aṣọ, oòrùn àárọ̀ sì ń wọlé tààrà. Ojú àfín àti oòrùn, ọ̀tá ara wọn ni. Gbogbo nǹkan funfun báláú. Láti ẹ̀yìn, mo máa ń rí ẹ̀kọ lórí aṣọ dúdú. Níwájú, mi ò tilẹ̀ rí aṣọ náà mọ́.

Mo di bírò mú, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ronú. Ojú ń tì mí láti tún béèrè. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti bẹ̀, ṣé kí n tún sọ pé àga tí wọ́n fún mi ò dára? Gbogbo àwọn tó kù ti ń kọ̀wé. Ni mo bá rí i pé mo ti fẹ́ fi ìtìjú pa ara mi. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò rí nǹkan kan."

Olùkọ́ ìṣirò ló ń ṣọ́ wa. "Ṣé wọn ò ti gbé ọ síwájú ni?"

"Wọ́n gbé mi síwájú, sà. Iwájú náà ni wọ́n gbé oòrùn sí."

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà mi orí, ó fà mí lọ sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè sókè fún mi. Ibi tó parí ìbéèrè kejì sí ni ohùn kan ti dún láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún èyí kà."

"Ṣé àfín ni ìwọ náà?"

"Rárá, sà. Mi ò rí i láti ibí ni."

Òmíràn ní òun náà ò rí i. Kí a tó mọ̀, ìdajì gbọ̀ngàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kó rọra kà á, àwọn tójú wọn dá ṣáká tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń méfò láti ọjọ́ yìí, wọn ò lè sọ.

Mo yege. Kì í ṣe pé mo gba ipò kìíní o, mo yege lásán, ó sì tó mi. Ohun tí mo kọ́ ni pé ojú mi ò fìyà jẹ mí tó ẹnu mi tí mo pa mọ́. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí mo bá dé, mo máa ń sọ ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Nígbà ìdánwò tó tẹ̀lé e, mo tètè múra, mo dé gbọ̀ngàn kí oòrùn tó mú, mo bá a pé gbogbo àga iwájú ti kún fọ́fọ́. Wọ́n ní ojú ń yọ àwọn lẹ́nu. Mo dúró níbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi. Ojú náà kúkú wúlò fún ìyẹn.